Táyà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun fún Ìjàpá 1966: èwo gan-an ni kí n rà?

ỌmọOníjàpá (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ táyà ni mo gbé wá. Ìjàpá bàbá mi ni, Volkswagen 1300, ti 1966, èyí tí stíárìn ẹ̀ ṣì wà lápá ọ̀tún torí pé nígbà tí bàbá rà á apá òsì títì la ṣì ń gbà ní Nàìjíríà, April 1972 la tó yí i padà. Bàbá ti lọ sinmi, mọ́tò náà sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé fún ọdún 13, adìyẹ ń yé ẹyin sínú ẹ̀, kí n tó ní ó yá kí n gbé e dìde. Ẹ́ńjìnnì ti ń dún dáadáa báyìí, pànẹ́bítà ti parí tiẹ̀, ọ̀dà ẹ̀ dà bí ojú ọ̀run àárọ̀. Táyà ló kù.

Fọ́tò kan wà nílé tí màmá mi dúró ti mọ́tò yẹn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀ funfun báláú bí eyín ọmọdé. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Àbúrò mi obìnrin máa ṣègbéyàwó ní December, ó ti búra pé mọ́tò bàbá òun ló máa gbé òun dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí Benz tẹ́ ẹ lè fi tàn án.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnì kan lọ́jà ní kí n ra táyà dúdú 195/65R15, pé ó máa wọlé, òun á wá bá mi fi ọ̀dà funfun kun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹlòmíì ní kí n lọ ra ojúlówó waitiwọ́ọ̀lù (táyà tí wọ́n ti ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ní funfun) láti òkè òkun. Radial ni àbí cross-ply, oríṣi táyà méjì tí wọ́n máa ń dárúkọ yẹn? Báwo ni funfun ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, táyà Corolla nìkan ni mo mọ̀ ọ́n rà láyé mi.

Àjàní57 (Houston)

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n, bàbá á máa rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n wà. Chevrolet Bel Air 1957 lèmi ní níbí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra waitiwọ́ọ̀lù fún un, ti àkọ́kọ́ ojú ni mo fi rà á, ìkejì ni mo tó fi ọgbọ́n rà á.

Ẹ jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ funfun tì ná, sáìsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Rímù Ìjàpá yín, inṣì 15 ni gíga ẹ̀ àmọ́ inṣì 4 péré ló fẹ̀, táyà tó bá a wá láti iléeṣẹ́ ni wọ́n kọ 5.60-15 sí lára, ìyẹn cross-ply, inṣì ni wọ́n fi wọn 5.60 yẹn. Èyí tó bá a dọ́gba nínú radial ni 165R15 tàbí 165/80R15, mìlímítà ni wọ́n fi wọn ìbú tiwọn. 195/65R15 tí wọ́n ń fà yín sí yẹn, rímù tó kéré jù tó lè gbé e inṣì 5 àbọ̀ ni. Fọganáísà tó lágbára á fipá wọ̀ ọ́ sórí inṣì 4 lóòótọ́, ṣùgbọ́n á wú bí ikùn aboyún, etí ẹ̀ ò ní jókòó bó ṣe yẹ, tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ yà ní kọ́nà mọ́tò á kọ́kọ́ mì kó tó gbọ́ tiyín. Ó tún kúrú ju táyà ìbẹ̀rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú ló ń yí wáyà spidomítà Ìjàpá, ìyẹn ni pé á tún máa parọ́ eré fún yín.

Bàbá_Fọganáísà (Mọ́kọ́lá)

Àjàní, o káre. Ẹni tó ní kí ọkùnrin yìí ra 195 yẹn kò fẹ́ràn ẹ̀, ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló ń tà fún un.

Ti ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo ti kun ún fún oníbàárà rí. 504 ni, òkú màmá ẹ̀ ló fẹ́ lọ sin ní Ọ̀yọ́, ó ní òun fẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ́tò funfun. Mo wá ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun etí títì, mo fi tépù yí i ká, mo kùn ún, ẹ ò bá rí i, ó dáa lójú ju ti ilé ìtajà lọ. Kó tó dé Ọ̀yọ́ ọ̀dà ti ń sán bí èèpo ẹ̀pà. Ẹ̀gbẹ́ táyà máa ń tẹ̀ ó sì máa ń nà ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí, ọ̀dà ò lè bá a tẹ̀. Èyí tí kò sán níbẹ̀, òróró tó wà nínú rọ́bà dúdú ti ń jáde bọ̀ sára ẹ̀, ó di àwọ̀ gààrí tí wọ́n fi epo yan. Ọkùnrin yẹn pè mí lórí fóònù, ohun tó sọ n ò lè kọ ọ́ síbí torí àwọn ọmọdé.

Kọ́lá_ò_gbà

Ẹ ṣáà fẹ́ máa náwó lásán ni. Táyà dúdú ni táyà. Funfun yẹn òyìnbó kàn fi ń ṣe fáàrí ni, òjò kan péré ní Ìbàdàn pẹ̀lú ilẹ̀ pupa yẹn, ó tán!

ÌyáMorris (Peckham)

Kọ́lá ọmọ mi, òdìkejì ẹ̀ lo sọ yẹn o. Ẹni tó bá ti dé oko rọ́bà rí mọ̀ pé oje igi yẹn funfun bí mílíìkì. Táyà ayé àtijọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀, zinc oxide ni wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè le, ìyẹn náà funfun. Ìgbà tí 1910 ń kọjá lọ ni wọ́n wá rí i pé tí wọ́n bá po carbon black mọ́ rọ́bà (ẹ ṣáà pè é ní èédú tó kúnná bí àtíkè) táyà kì í tètè jẹ. Wọn ò pò ó mọ́ gbogbo ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ojú tó ń gbálẹ̀ nìkan ni, ẹ̀gbẹ́ wà bó ṣe wà. Ó wá jẹ́ pé nígbà yẹn ẹni tí táyà ẹ̀ dúdú látòkè délẹ̀ gan-an ni olówó àdúgbò, torí kò sí pé wọ́n ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀! Ẹ̀yìn ìyẹn ni ayé yí, tí funfun di ohun tí wọ́n ń fowó kún rà, Ford gbé e jáde bẹ́ẹ̀ ní 1934. Láàárín 1950 sí 1959 ló gbajúmọ̀ jù, tó sì fẹ̀ gan-an, nígbà tó di 1962 lára mọ́tò tuntun ní Amẹ́ríkà ó ti rù di nǹkan bí inṣì kan.

Nítorí náà ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ọlọ́jàpá, mọ́tò 1966 funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ló bá ọjọ́ orí ẹ̀ mu. Èyí tó fẹ̀ gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ yẹn mọ́tò ńlá ọdún 1950 sí 59 ló ni ín, irú Bel Air tí Àjàní yẹn. Tí funfun bá gba ìdajì ẹ̀gbẹ́ táyà Ìjàpá, á dà bí ọmọ ọdún mẹ́ta tó wọ agbádá bàbá ẹ̀. Ojú tèmi nìyẹn o, mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àjàní57 (Houston)

Àwa la fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀ mà 😂 Ìjàpá pẹ̀lú funfun gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ kún òde níbí, ó sì máa ń pé wọn lára. Àmọ́ mo gbà fún yín, tó bá jẹ́ pé bó ṣe rí nígbà yẹn lẹ̀gbọ́n ń wá, kó lọ sí tẹ́ẹ́rẹ́.

ÌyáMorris (Peckham)

Ọ̀rọ̀ radial àti cross-ply, ẹ fetí sí mi torí ara mi ló ti ṣe é. Morris Minor ni mo ní, cross-ply ló wà nídìí ẹ̀ nígbà tí mo rà á, mo sì ní kí n fi sílẹ̀ kó lè jẹ́ ojúlówó. Há! Ipasẹ̀ tí àwọn lọ́rì bá là sójú títì, ibẹ̀ ni mọ́tò ń fẹ́ bá lọ, èmi ń fa stíárìn sọ́tùn-ún òun ń fà mí sósì. Tó bá sun ìta mọ́jú nínú òtútù, ibi tó fi jókòó á pẹlẹbẹ, máìlì kan tàbí méjì àkọ́kọ́ á máa gbọ̀n mí gbọ̀ngbọ̀n bí ẹni tó gun kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́. Mo yọ ọ́ dànù. Ní radial, okùn inú ẹ̀ gba ìbú kọjá láti etí kan sí ìkejì, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ rọ̀, ojú tó ń gbálẹ̀ wá lè tẹ́ dáadáa. Ní cross-ply wọ́n to okùn náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ọ̀kan dábùú èkejì, gbogbo ẹ̀ le pọ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé mọ́tò lọ ibi àfihàn lórí ọkọ̀ akẹ́rù lè ra cross-ply. Ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó lójú títì Ìbàdàn, radial.

Ẹ má sì po méjèèjì pọ̀ o. Òfin níbí ní ìlú ọba kò gbà kí radial wà níwájú kí cross-ply wà lẹ́yìn, torí ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ yọ̀, tí ẹ̀yìn Ìjàpá bá sì ti yọ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀ yẹn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.

Dèjì_Lẹ́kí

Ẹ gbọ́, ṣé kò sí rọ́bà funfun kan tí wọ́n ń pè ní port-a-wall? Wọ́n ń fi etí ẹ̀ há àárín rímù àti táyà ni, táyà dúdú lásán á wá dà bíi waitiwọ́ọ̀lù. Ọ̀rẹ́ mi kan rà á, owó kékeré ni.

Àjàní57 (Houston)

Dèjì, ìyẹn ni mo ní mo fi ojú rà nígbà àkọ́kọ́ yẹn. Ó máa ń rọgbọ díẹ̀ lórí cross-ply torí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ le. Lórí radial, ẹ̀gbẹ́ táyà ń tẹ̀ ṣáá, rọ́bà funfun yẹn á máa ha á bí ìgbà téèyàn ń fi kànrìnkàn ha ìkòkò, iyanrìn á tún wọ àárín wọn. Lórí híwéè tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀ bí apá àkùkọ. Nígbà tí mo tú u, táyà tuntun ti jẹ yípo. Tó bá jẹ́ kẹ́ ẹ kàn páàkì ẹ̀ síwájú ilé fún fọ́tò, kò burú.

Ojúlówó, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Àwọn kan á ti tẹ́ rọ́bà funfun sínú ẹ̀gbẹ́ táyà látìgbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n á fi dúdú fẹ́lẹ́ bò ó, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ ha dúdú yẹn kúrò kí funfun yọjú. Irú wọn ni iléeṣẹ́ Coker tó wà ní Chattanooga ní Tennessee, tí wọ́n ti wà lẹ́nu òwò táyà láti 1958, táyà mọ́tò àtijọ́ ni iṣẹ́ wọn. Àwọn kejì á mú radial òde òní tó ti parí, wọ́n á ha ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wọ́n á fi iná jó rọ́bà funfun mọ́ ọn, irú iléeṣẹ́ Diamond Back. Ẹni tó ń rà ló máa sọ bó ṣe fẹ́ kó fẹ̀ tó.

ỌmọOníjàpá (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé gan-an, mo ti ń lóye. Mo padà lọ wo fọ́tò yẹn, funfun ẹ̀ ò fẹ̀ tó bí mo ṣe rò, bí ìka méjì báyìí. Mo bá pe màmá pé ibo ni bàbá ti ra táyà yẹn nígbà yẹn. Ẹ̀rín ni màmá kọ́kọ́ rín. Wọ́n ní táyà wo? Wọ́n ní pólíìṣì funfun tí wọ́n fi ń kun bàtà kánfáàsì ni! Pé bàbá máa ń jókòó tì í pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì eyín ní gbogbo Sátidé tí ọjọ́ kejì bá jẹ́ ọdún tàbí ìkómọ, tí òjò bá sì rọ̀ kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, inú á bí wọn débi tí wọn ò ní kọ orin.

Gbogbo ọdún tí mo fi ń wo fọ́tò yẹn, mo ti rò pé ojúlówó ni 😂😂

Kọ́lá_ò_gbà

Áà bàbá yìí wù mí o. Mo gbà, ẹ ra táyà yẹn.

ỌmọOníjàpá (Ìbàdàn)

Nǹkan mìíràn. Mo rí mẹ́rin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 165R15, funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tó ń tà á ní Amẹ́ríkà ní wọn ò tíì gbálẹ̀ rí, tákàdá ṣì wà lára wọn, owó ẹ̀ ò tó ìdajì iye tí àwọn tó kù ń pè. Mo ní kó ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wá, 2311 ló wà níparí. Ṣé kí n sanwó?

Bàbá_Fọganáísà (Mọ́kọ́lá)

Rárá o! Nọ́ńbà mẹ́rin yẹn, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2011 ni wọ́n ti ṣe é. Táyà yẹn ti dàgbà ju àwọn ọmọ tó máa gbé òdòdó níwájú ìyàwó lọ.

Dèjì_Lẹ́kí

Bàbá, tí kò bá tíì gbálẹ̀ rí ńkọ́? Kí ló máa mú un gbó?

Bàbá_Fọganáísà (Mọ́kọ́lá)

Ọmọ mi, rọ́bà kì í ṣe aṣọ òfì tí wọ́n ń kó sápótí. Atẹ́gùn ń jẹ ẹ́, ooru ń jẹ ẹ́, orí pẹpẹ tó wà yẹn náà ló ti ń gan. Ojú ẹ̀ á nípọn dáadáa, o ò ní mọ̀, ọjọ́ tó bá gbóná lójú títì tó sì gbé ẹrù, ojú yẹn á bó kúrò lára ìyókù bí ìgbà téèyàn bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ti rí i, kì í ṣe pé wọ́n sọ fún mi. Àwọn ròódù séfútì wa níbí, ọdún 4 látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n máa ń sọ, àwọn òyìnbó ń fàyè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ooru tiwọn kì í ṣe ooru tiwa. Ti funfun yẹn tiẹ̀ tún le, carbon black tí ìyá wa Peckham ń sọ nípa ẹ̀ yẹn náà ló ń gba oòrùn fún dúdú, funfun ò ní in, ó máa ń tètè sán. Sábẹ́ ibòji ni kó o máa páàkì ẹ̀, bọ̀dá. Kì í sì í ṣe abẹ́ máńgòrò yẹn o.

Àjàní57 (Houston)

Bàbá ti sọ ọ́ tán. Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá máa rà á tuntun ni kẹ́ ẹ rà, kódà ti àlòkù ò lè wọlé lọ́nà tó tọ́, àlòkù táyà wà nínú ohun tí Nàìjíríà fòfin dè ní èbúté. Ẹ má fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e, kò wúwo púpọ̀ àmọ́ ó gbàyè, ààyè yẹn ni wọ́n á gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ní ẹbí níbí tó fẹ́ fi mọ́tò ránṣẹ́ sí Èkó, kó kó o sínú ẹ̀. Túùbù ńkọ́? Rímù ọdún 1966 tó ti sun abẹ́ igi fún ọdún 13, ìpẹtà á ti jẹ etí ẹ̀, atẹ́gùn á máa jò. Ẹ ha á, ẹ kùn ún, kẹ́ ẹ sì ra túùbù tí wọ́n ṣe fún radial.

ỌmọOníjàpá (Ìbàdàn)

Ọ̀sẹ̀ 9 nìyí, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Táyà ti dé! Radial 165R15, funfun inṣì kan, ọdún yìí ni wọ́n ṣe é, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kó o sínú Highlander tó fi ránṣẹ́. Owó ẹ̀ o... kí ìyàwó mi má ka ibí yìí.

Ṣùgbọ́n àyà mi já. Mo tú u, funfun ẹ̀ aláwọ̀ búlúù ni! Ṣé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni?

ÌyáMorris (Peckham)

Ẹ fọkàn balẹ̀ 😄 Wọ́n fi búlúù yẹn bò ó kí dúdú táyà kejì má bàa yí i lára nígbà tí wọ́n tò wọ́n léra ni. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, á ṣí. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó gbé e jáde sóòrùn, tó bá pẹ́ lára ẹ̀ ó lè yí i. Lẹ́yìn ìyẹn ọṣẹ lásán ni kẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́. Ẹ má fi pẹtiróò tàbí kẹrosíìnì kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò fi òróró tí wọ́n fi ń mú táyà dán yẹn pa á, pupa ló máa ń dà. Ti ilẹ̀ pupa tí Kọ́lá ń sọ, lọ́jọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kó sun ibẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jìnnà sí etí kọ́ńkéréètì tẹ́ ẹ bá ń páàkì, ìyẹn ló bà mí lọ́kàn jẹ́ jù lára tèmi.

Bàbá_Fọganáísà (Mọ́kọ́lá)

Atẹ́gùn ńkọ́, mélòó ni wọ́n fẹ́ sí i?

ỌmọOníjàpá (Ìbàdàn)

35 yípo, sà. Ẹni tó bá mi wọ̀ ọ́ ló ní bẹ́ẹ̀ ló ń fẹ́ ẹ sí gbogbo mọ́tò. Ó ń ta mí sókè bíi bọ́ọ̀lù ní gbogbo kòtò.

Àjàní57 (Houston)

Ẹ tú u jáde kíá! Iwájú Ìjàpá ò gbé nǹkan kan, ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ló wà. Lórí radial, 18 níwájú, 27 lẹ́yìn, àwa tó ní in níbí ibẹ̀ la máa ń fi sí. Cross-ply àtijọ́ tiẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀, 16 níwájú, 24 lẹ́yìn. Fọganáísà tẹ́ ẹ bá sọ 18 fún á rò pé ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ, ẹ má dá a lóhùn.

Bàbá_Fọganáísà (Mọ́kọ́lá)

Èmi náà ti wà lára àwọn tó ń fẹ́ 35 sí i o, Ọlọ́run dárí jì mí, àìmọye Ìjàpá ni mo ti sọ di bọ́ọ̀lù ní Mọ́kọ́lá yìí. 18 àti 27, mo ti kọ ọ́ sára ògiri.

ỌmọOníjàpá (Ìbàdàn)

Mo ti ṣe é. Mọ́tò náà ti ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà tó bá a mu. Mo fọ búlúù yẹn kúrò láàárọ̀ yìí, mo pe màmá jáde wá wò ó. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka kan funfun yẹn wò bóyá á yí mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ti bàbá yín funfun ju báyìí lọ."

Bàbá_Fọganáísà (Mọ́kọ́lá)

Hahaha. Bọ̀dá, gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó kí n wo atẹ́gùn ẹ̀. N ò ní gba kọ́bọ̀. Kó o sì mú pólíìṣì kánfáàsì kan dání, tí màmá bá tún sọ bẹ́ẹ̀.